Ẹ̀bẹ̀ Tí Kò Tọ́ Sí Mi

"Ẹ bá mi pe wẹ́dà wá. Ohun kan wà tí mo gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì dà nínú mi. Bí mo bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, mo gbé nìyẹn." Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Alágọ́ fi jí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyí, lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ fún un lẹ́bàá fèrèsé. Àìsàn ti jẹ ẹ́ ku egungun. Bó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dúró mí, bí ẹni tó ń gun òkè. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ni ilé tí wọ́n wà, fajú ro. "Màámi, wẹ́dà wo? Ṣé ẹni tó pa bàbá wa yẹn?" Ìyá rẹ̀ di ojú. "Òun náà ni. Lọ pè é, kí o sì fi ọ̀wọ̀ pè é." Ọmọ náà lọ, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀wọ̀ kankan sí i. Látìgbà tó ti wà ní kékeré, bó bá rí wẹ́dà yìí lọ́ọ̀ọ́kán, òdìkejì títì ló máa ń gbà. Wẹ́dà náà kò sì ṣe iṣẹ́ irin jíjó mọ́ láti ìgbà ikú náà wá. Géètì ilé ẹ̀kọ́ kan ló ń ṣọ́, á ṣí i fún mọ́tò tó ń wọlé, á tì í lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà kò kí i. Ó kàn ní, "Ìyá mi ń pè yín," ó sì yíjú padà.

Nígbà tí wẹ́dà dé, kò wọlé tán tó fi ṣí fìlà. "Ìyàwó, mo gbọ́ pé ara ò le. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló tún ń dùn ọ́, mo tún bẹ̀ ọ́." Orúnkún rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ni obìnrin náà bá figbe ta. "Ẹ má kúnlẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ mọ́. Ẹ jókòó sórí àga yẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́bí. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tí omi bá gbẹ lẹ́nu mi, ẹ fún mi lómi, ṣùgbọ́n ẹ má dá mi dúró."

Ẹni tó bá mọ ilé Ìyá Alágọ́ àti ọkọ rẹ̀ láyé ìjọ́un mọ̀ pé ilé ẹ̀rín ni. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni kó máa gbé àwọn tó fẹ́ lọ sùn nínú igbó àti lórí òkè fún ìgbafẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí taya rẹ̀ ga tó ọmọdé láyà ló ń wà, èyí tí kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀, kì í bẹ̀rù òkúta. Lórí òrùlé ọkọ̀ náà ni àwọn àgọ́ máa ń wà, wọ́n á ká wọn bí àpótí. Bí wọ́n bá débi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á tú wọn, wọ́n á sọ àkàsọ̀ sílẹ̀, àwọn èèyàn á gùn ún lọ sùn lókè bí ẹyẹ. Ìyá Alágọ́ fúnra rẹ̀ ló ń rán àwọn àgọ́ náà, pẹ̀lú tapólì líle tó ń dá abẹ́rẹ́ lápá. Lẹ́yìn ọkọ̀ ni káríà irin wà, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé alùpùpù kalẹ̀ sí, nítorí bí ọ̀nà bá há mọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, alùpùpù ni ọkọ rẹ̀ fi ń wá ọ̀nà mìíràn kiri. Wẹ́dà ló ṣe káríà náà. Ọ̀rẹ́ àtikékeré ni òun àti ọkọ rẹ̀. Ọkọ a máa sọ fún àwọn èèyàn pé, "Ìyàwó mi ló kọ́lé, ọ̀rẹ́ mi ló gbé e ró, èmi kàn ń wà á kiri ni," gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n," ni obìnrin náà wí, "ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ de káríà yẹn mọ́ ọkọ̀? Ẹ pè mí, ẹ fi nọ́ọ̀tì ńlá tó wà lápá ọ̀tún hàn mí. Ẹ ní òun àti ibi tí ẹ jó pọ̀ lápá òsì ni wọ́n jọ ń gbé ẹrù náà, pé bí ọ̀kan bá yẹ̀, èkejì ò lè dá a gbé. Ẹ kọ́ mi kí n lè máa bá ọkọ mi mójú tó o. Ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo fi pa á."

Ìyá Alágọ́ mí díẹ̀. Ó ń bá a lọ. Nígbà yẹn, oyún àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ṣèlérí pé òun ò ní í jáde nílé títí yóò fi bímọ, àfi bí àwọn kan ṣe dé tí wọ́n ní òkè làwọn fẹ́ lọ. "Mo ti fẹnu ṣèlérí fún wọn," ni ọkọ rẹ̀ wí. Òun náà dá a lóhùn pé, "Ṣé kì í ṣe ẹnu yẹn náà lo fi ṣèlérí fún mi?" Wọ́n jà. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà nínú balùwẹ̀, obìnrin náà mú sípánà, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀. "Mi ò fẹ́ kó kú. Ọlọ́run ló mọ̀ mí. Mo rò pé káríà á máa pariwo kó tó jáde ládùúgbò, pé á padà wálé, á ránṣẹ́ pe ẹ̀yin, ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn èèyàn yẹn á wá ọkọ̀ mìíràn lọ. Mo tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀. Mo tún tú u díẹ̀ sí i. Ọwọ́ mi ò tiẹ̀ gbọ̀n. Irú èèyàn wo ni mí, tí ọwọ́ mi ò gbọ̀n?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ wà lórí òrùlé ọkọ̀, ó ń fi bẹ́líìtì de àwọn àgọ́. Àwọn èrò ń kán an lójú. Ó pariwo látòkè pé, "Aya mi, bá mi wo nọ́ọ̀tì káríà o! Ṣé ó le?" Obìnrin náà kò tilẹ̀ dé ẹ̀yìn ọkọ̀. "Mo ní, 'Ó le bí òkúta.' Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí. Ó fò sílẹ̀, ó fọwọ́ kan ikùn mi, ó ní, 'Má bínú sí mi. Mi ò ní í pẹ́.' Ọkọ̀ lọ. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń retí ariwo. Ariwo ò dún. Àṣé ó ti fi àjákù àgọ́ tí mo rán kù di gbogbo àárín alùpùpù àti káríà, kí irin má baà ha á. Ìránṣọ ọwọ́ mi ló pa ariwo náà lẹ́nu mọ́."

Àwọn tó bá a lọ ló wá ròyìn ìyókù. Wọ́n ti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà dé ìdajì nígbà tí káríà yẹ̀ sápá kan. Ọkùnrin náà dá ọkọ̀ dúró, ó sáré lọ sẹ́yìn, ó fi èjìká gbé alùpùpù náà ró, ó ní kí wọ́n bá òun mú okùn wá. Kí wọ́n tó mú okùn dé, nọ́ọ̀tì bọ́, ibi tí wọ́n jó lápá òsì ya, irin àti alùpùpù sì gbé e lọ sí ìsàlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló burú jù," ni Ìyá Alágọ́ wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé ife sí i lẹ́nu, ó kọ̀ ọ́. "Wọ́n kó irin tó ya náà wá sí pálọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bèèrè pé, 'Ta ló jó irin yìí?' Ẹ̀yin ní, 'Èmi ni.' Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní ṣé mo yẹ nọ́ọ̀tì wò. Mo ní, 'Èmi fúnra mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó le. Ẹni tó jó irin ni kẹ́ ẹ bi.' Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irin bí ẹni mọ owó, ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ju ọwọ́ yín lọ. Ọdọọdún lẹ̀ ń wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ọdọọdún ni mò ń gbójú sókè sọ pé, 'Mo ti dárí jì yín.' Èmi! Èmi apànìyàn ni mò ń dárí ji aláìṣẹ̀! Bí mo bá sì sọ ọ́ tán, ara á tù mí, bí ẹni pé lóòótọ́ lẹ jẹ mí ní ẹ̀bẹ̀."

Wẹ́dà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. "Iná mi mú irin náà?" ni ó wí nígbẹ̀yìn, bí ọmọdé tó ń bi àgbà ní nǹkan. "Ó mú un, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ yín ò lábùkù." Ojú wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. "Ọmọ mi ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mi. Mo lé e jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ọwọ́ mi ń pààyàn, kó má wá kó o ràn. Ó bínú lọ, kò sì padà wá rí mi. Ìyàwó, ìdáríjì tí o ń fún mi yẹn ni mo fi ń sùn. Kí ni mo fẹ́ máa fi sùn báyìí?"

Ó dìde. Obìnrin náà na ọwọ́ sí i, ọwọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ló tẹ̀ lé e jáde. Wọ́n gbúròó rẹ̀ ní kọ́rídọ̀ tó ń sunkún, tó ń wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò kí yín rí. Mi ò kí yín rí láyé mi." Wẹ́dà ní, "Dìde, ọmọ mi. Níbo ni wọ́n sin bàbá rẹ sí? Ojú ń tì mí, mi ò lè débẹ̀ látọjọ́ yìí wá." Ìró ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì sì jọ lọ.

Ìyá Alágọ́ di ọwọ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ mú. "Ìwọ ni mo ní mò ń jà fún lọ́jọ́ náà," ni ó wí, "ìwọ tí o kò mọ ojú bàbá rẹ. Fi ìyà mi kọ́gbọ́n. Bí o bá ṣe àṣìṣe, pariwo rẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré. Ká ní mo sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ yẹn, tí mo ké pé, 'Dúró, mo purọ́,' bóyá ó máa gbá mi létí ni. Mo fẹ́ràn ìgbájú yẹn lónìí ju gbogbo ohun tó wà láyé lọ." Ọmọ náà kò gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Oòrùn ti ń yí nígbà tí àwọn tó lọ sí ibojì padà dé. Erùpẹ̀ wà lórúnkún ṣòkòtò wẹ́dà, ojú ọmọbìnrin náà sì ti wú. Ìyá Alágọ́ yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Rárá," ni wẹ́dà wí. "Ẹnu mi ò tíì lè sọ ọ́, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún ọ." Ó fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó jókòó. "Ṣùgbọ́n mi ò ní í lọ."