Ìwọ̀ Wẹ́wẹ́ fún Ẹja Abẹ́ Yìnyín

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Barking Riverside nílùú ọba ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu màmá kan àti obìnrin tó kéré sí i, tí wọ́n jọ ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì nínú sùtánà funfun. Màmá tẹ́ ìwọ̀ ìpẹja sórí itan, ó ń ṣà wọ́n.

"Màmá, ẹ mú ńlá yẹn jàre. Èyí tó kéré bí ọkà bàbà yìí, ẹja wo ló máa rí i?"

"Ẹja tí òtútù mú kì í la ẹnu gbàgà. Dúdú kékeré yìí ni mo fi pa wọ́n nínú ihò tí wọ́n lu sójú odò tó di yìnyín ní Kánádà lọ́dún tó kọjá."

"Ṣebí ọkọ ọmọ yín tó wà lọ́hùn-ún ní ẹ ò gbọdọ̀ lọ sórí yìnyín mọ́? Ó ní ọmọ tuntun lẹ ń bọ̀ wá tọ́jú."

"Màá wẹ ọmọ láàárọ̀, màá wẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Ọ̀sán tó wà láàárín, tèmi ni! Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ṣé ojú fèrèsé ni màá ti máa wo omi?"

"Òtútù ló ń bẹ̀rù fún yín o. Ó ní ẹsẹ̀ yín ò lè gbà á."

Màmá gbé ẹsẹ̀ kan jáde lábẹ́ sùtánà. Kò wọ bàtà, torí ìjọ wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà.

"Tó bá tún pè, màá sọ fún un: ẹsẹ̀ yìí ti ń tẹ yìnyín Ripple Road níbí lọ síbi àdúrà kí ìwọ tó mọ ọmọ mi."