Gbogbo Ìlú Ló Ti Ṣègbéyàwó Tán, Ó Ku Èmi

Má sọ fún mi pé kí n jókòó, Armand. Láti ìjẹta ni mo ti wà lórí àga oníke yìí, ìdí mi ò mọ̀ mọ́ pé ìdí lòun ń jẹ́. Ìwọ tí o ti New Hampshire wa mọ́tò wákàtí mẹ́ta, o ò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn fún ọ. Wọ́n ní àbúrò aláìsàn dé, wọ́n fún ọ ní bírò kí o fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n la ẹ̀gbọ́n rẹ láyà. Èmi tí mo ti bá a gbélé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí mo mọ oògùn tó ń lò láàárọ̀ àti èyí tó ń purọ́ pé òun ti lò, èmi ni mo dúró sẹ́yìn gíláàsì bí ẹni tó wá polówó búrẹ́dì.

Rárá o, mi ò bá nọ́ọ̀sì jà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó bi mí dáadáa, ó ní, "Mà, ìyàwó yín ni, àbí?" Bí ẹni ń béèrè bóyá òjò ń rọ̀ níta ló ṣe béèrè é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò ṣẹ́jú, kò yọ ṣùtì. Ta ló jẹ́ kó rọrùn fún un bẹ́ẹ̀? Claudette Thibodeau ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tó sùn sínú yàrá yẹn. Kí ni mo wá fi dáhùn? Mo ní rárá, a ò tíì ṣe é. Armand, lọ́yà tó bá ìjọba wọ̀yá ìjà títí òfin fi gbà kí obìnrin fẹ́ obìnrin, lọ́yà ọ̀hún ò fẹ́ mi.

Má rẹ́rìn-ín. Tàbí kó o kúkú rín in, ọ̀rọ̀ náà pa ni lẹ́rìn-ín.

O ò lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, torí o ò wá sílé wa. Ọdún mọ́kàndínlógún. Mi ò ní bá ọ fà á lónìí, díákónì ni ẹ́, o ní ohun tó o gbà gbọ́. Ọ́fíìsì kan báyìí ni Claudette ní nígbà yẹn, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, gbogbo fáìlì rẹ̀ ló ń run póólíṣì. Ni ọkùnrin kan bá wọlé tọ̀ ọ́, Lester, ó máa ń tún dùùrù ṣe. Ọkùnrin tóun àti ẹ̀ jọ ń gbé láti ọdún mọ́kànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Àwọn ẹbí òkú ti ibi ìsìnkú dé, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n yọ àwòrán lára ògiri, wọ́n ní kí Lester jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Claudette kó wọn lọ sí kóòtù. Adájọ́ bi í pé kí ni Lester jẹ́ sí òkú gan-an. Ó rojọ́ títí, kò sí orúkọ kan nínú ìwé òfin tó bá Lester mu. Wọ́n dá a lẹ́bi. Ó délé lọ́jọ́ yẹn, kò bọ́ bàtà, ó ní, "Gwen, ìgbéyàwó ni. Gbogbo ohun yòókù, ìgbéyàwó ló wà nídìí ẹ̀."

Àwọn èèyàn ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn tiwa gan-an ní kó rọra, kó kọ́kọ́ tọrọ nǹkan kékeré. Ẹnìkan sọ òkò wọlé láti ojú fèrèsé. Ẹnìkan ju ẹja jíjẹrà sínú àpótí lẹ́tà wa, èmi ni mo sì fọ̀ ọ́. Ta ló ń wà á lọ sí Boston nínú yìnyín? Èmi tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé láti ìdájí. Ta ló ń lá sítáǹbù títí ahọ́n rẹ̀ fi bó? Mi ò ṣírò oore o, mò ń sọ fún ọ kí o lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Wàyí o, gbọ́ èyí tó dùn mí. Nígbà tí ẹjọ́ ńlá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wá ilé méje, àwọn méjì-méjì bíi tiwa, tí wọn yóò fi orúkọ wọn pẹjọ́. Mo ní jẹ́ kí àwa náà wọ̀ ọ́, kí ẹlòmíì nínú ọ́fíìsì bá wa rojọ́. Ó wá ní àwọn oníwèé ìròyìn yóò tú àṣírí gbogbo èèyàn, pé tíṣà lòun ń wá, nọ́ọ̀sì, àwọn tí ọgbà ilé wọn mọ́ tónítóní. Ó ní èmi ti kọ ọkọ, mo sì ti fi ṣọ́bìrì yìnyín fọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò ọkọ ọ̀hún, ó wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Bí dókítà ṣe ń bá ẹni tí wọ́n fẹ́ gé lẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Èyí tó burú jù ni pé òótọ́ ló sọ. Orúkọ mi wà lórí ìwé, ó gbé pẹ́ńsùlù lé e. Èmi ni mo gba pẹ́ńsùlù, tí mo sì fi pa á rẹ́.

O ń wo ilẹ̀. Ṣé o rí i, èmi náà ò mọ ibi tí mo máa wò lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n borí. O gbọ́, gbogbo ayé ló gbọ́. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn kóòtù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé méje, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Èmi ń wá ibi tí mo máa gbé mọ́tò sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn níwèé ìgbéyàwó, mo ti wọ aṣọ búlúù mi. Ó ní ká jẹ́ ó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, pé òun gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àwọn olùpẹjọ́. Nígbà tí ọjọ́ Ajé máa fi dé, ó ti wọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Láti ìgbà náà, Iowa ń pè é, California ń pè é. Ó wá ní òun ò lè fẹ́ mi títí gbogbo Amẹ́ríkà á fi lè ṣe é, pé ìyẹn ló bá ẹ̀tọ́ mu. Ẹ̀tọ́! Ìgbéyàwó mẹ́tàlélógójì ni mo ti lọ, Armand, mo ti jẹ kéèkì gbogbo wọn.

Dúró ná, jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ìwé kan wà, ìwé tí èèyàn fi ń yan ẹni tó máa gbẹnu sọ fún un nílé ìwòsàn? Claudette ti ṣe é fún ọ̀ọ́dúnrún ilé. Ó máa ń bá wọn wí, ó ní ẹ má fi falẹ̀, àìsàn kì í kọ lẹ́tà kó tó dé. Lánàá mo sáré lọ sílé, mo ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Tiwa wà níbẹ̀, orúkọ mi, orúkọ rẹ̀, déètì ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kò fọwọ́ sí i. Èmi náà ò fọwọ́ sí i. Onígbàjámọ̀ gbogbo ìlú, irun tirẹ̀ ti bò ó lójú.

Bó bá kú sínú yàrá yẹn, ìwọ ni wọ́n máa bi pé níbo ni ká sin ín sí. Ìwọ lo ni bẹ́ẹ̀dì. Mo rántí Lester.

Kí lo fẹ́ sọ gan-an? Láti ìgbà tó o ti jáde lo ti ń ya ẹnu. Sọ ọ́.

Ó lajú? Ìgbà wo? Ó sì sọ̀rọ̀?

Tún un sọ.

Ó ní kí o wá bi mí bóyá mo máa fẹ́ òun. Ó rán ọ. Ìwọ, Armand, tó o kọ̀wé fẹjọ́ wa sun bíṣọ́ọ̀bù. Ìwọ ló fi bi mí, o sì gbà, o jíṣẹ́.

Ha! Jẹ́ kí n di ògiri mú. Wo alárinà tí Ọlọ́run fún mi. Ojú rẹ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lẹ́, o ò ṣe nǹkan burúkú, o jíṣẹ́ dáadáa. Mi ò sunkún, ẹ̀rín ni. Àbí méjèèjì ni.

Ṣùgbọ́n mi ò ní dá alárinà lóhùn. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́ níwájú adájọ́ méje, kó fi ẹnu ara rẹ̀ bi mí. Dìde, ká jọ lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá sì béèrè ẹni tí mo jẹ́, èmi ò ní fèsì, mo ti fèsì lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ ni kó o sọ fún un, sókè, kí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́, pé àna rẹ ni mí.