Ẹ̀gbà Pupa Tí Láyí Fi Sí Ọmọ Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ mi kan ṣoṣo, Mofẹ́, jókòó sí pálọ̀ mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kò lọ síbi iṣẹ́, kò sì gbà kí a bọ́ ẹ̀gbà pupa tó kún ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgúnpá. Nọ́ọ̀sì ni ní Camberwell, nọ́ọ̀sì kò sì gbọdọ̀ wọ ẹ̀gbà tọ aláìsàn lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ pàápàá ti ní ó tó àsìkò láti bọ́ ọ. Èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀.

Ọmọ Púńjábì láti Íńdíà ni ọkọ rẹ̀. Nínú àṣà wọn, arákùnrin ìyá ìyàwó ló ń ra ẹ̀gbà náà, òun ló sì ń fi í sí i lọ́wọ́. Ipò náà bọ́ sọ́dọ̀ Láyí, àbúrò mi. Ó bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ́ wọra, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Mo yan èyí tó fúyẹ́, pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ iwájú orí kékeré kan. Láyí kọ̀.

"Sister mi, ẹ tún ti ń ṣe tíṣà! Èyí tó ní àgogo wúrà ni ká mú, kí àwọn àna wa gbọ́ wa kí wọ́n tó rí wa!"

Obìnrin tó ń tajà bú sẹ́rìn-ín. Ní ibùdókọ̀, Láyí di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún Mofẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, á yé e."

Mo ní rárá. Ṣé a máa ń gbé ẹkún wọ ilé ìyàwó ni? Èmi ni ẹ̀gbọ́n, ó gbọ́ràn. Ó ń yẹra fún ọmọ náà, ó ń purọ́ fún un lórí fóònù pé òun rìnrìn àjò.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó pé, wọ́n fi wàrà fọ ẹ̀gbà. Àṣà ni pé ìyàwó kò gbọdọ̀ wò ó bí wọ́n bá ń fi í sí i lọ́wọ́. Èmi tí mo kàwé gboyè, tí n kì í gba ohun tí kò ní ẹ̀rí gbọ́, èmi ni mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀. Kì í ṣe nítorí àṣà. Bí Mofẹ́ bá wo Láyí lẹ́ẹ̀kan péré, yóò mọ̀.

"Uncle, kí ló dé tọ́wọ́ yín tutù báyìí?"

"Wàrà ni, ìyàwó."

N kò gbé ọwọ́ kúrò títí Láyí fi jáde.

Ó kú nígbà tí tọkọtaya náà wà ní Íńdíà lọ́dọ̀ ẹbí ọkọ. Mo sọ fún wọn pé ikú òjijì ni.

"Mummy, ẹ̀yin lẹ rí Uncle lọ́jọ́ yẹn. Ṣé wọ́n look okay? Tí wọ́n bá ń ṣàìsàn, tí wọ́n fọwọ́ kàn mí, tí mi ò sì mọ̀, irú nọ́ọ̀sì wo wá ni mí?"

Ojoojúmọ́ ló ń bi mí, ó ní òun kò ní bọ́ ẹ̀gbà náà títí òun yóò fi mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń dáhùn pé ara rẹ̀ le.

Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti fún un láyè di ọjọ́ Ajé. Bí mo bá jẹ́wọ́, ó lè bọ́ ẹ̀gbà náà, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé yóò tún máa pè mí ní ìyá? Bí mo bá dákẹ́, yóò máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí ayé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi àìsàn pa mọ́ fún ọmọ nítorí ìnáwó, ẹ wò mí dáadáa. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Tèmi tan ọmọ mi jẹ.