Mínísítà Ti Bá Wa Mu Omi

FERMÍN: Hẹ́lóò? Ẹ̀gbọ́n mi Basilia! Ẹ kú òtútù o. Mo wà nípàdé –

BASILIA: Ìpàdé rẹ kì í tán. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

FERMÍN: Dáadáa ni wọ́n wà. Màmá ńkọ́?

BASILIA: Wọ́n wà níbí. Ṣé o gbọ́ mi? [afẹ́fẹ́] Ẹran lámà Teófilo ti kú tán létí odò.

FERMÍN: Ẹ pe dókítà ẹran.

BASILIA: Ó wá. Ó ní ká bi ẹ̀yin ìjọba tí ẹ ni omi. Pòtétò gbogbo abúlé tí a rẹ kó lè pẹ́ nílẹ̀ ló sì wà nínú odò náà.

FERMÍN: Ẹ ti rẹ ẹ́? Ta ló mu omi?

BASILIA: Kò sẹ́ni tó mu ún.

FERMÍN: Èèwọ̀! Olórí abúlé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu omi odò kí ẹnikẹ́ni tó rẹ pòtétò! Nígbà tí mo jẹ olórí, ṣebí mo mu igbá kan –

BASILIA: O mu ún, a sì tìtorí ẹ̀ gbé ọ dé kánsù, dé ilé aṣòfin. Lọ́dún yìí Teófilo ló jẹ olórí, ó ní pé ọmọ wa, mínísítà omi, ti sọ lórí rédíò pé ìwakùsà ò ba odò jẹ́. Ó ní ìwọ ti bá wa mu ún.

FERMÍN: Ìwé tí wọ́n fún mi ni mo kà...

BASILIA: Ṣé o gbọ́ mi? Ìkòkò pòtétò àkọ́kọ́ ti jinná. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti fi ọ́ sórí sípíkà. Ṣé ká jẹ ẹ́?

OHÙN KAN LẸ́GBẸ̀Ẹ́ FERMÍN: Ọ̀gá, àwọn aláṣẹ ìwakùsà ń dúró dè yín.

TEÓFILO: Ọmọ wa! Wí fún obìnrin yìí kó yé dá wa lẹ́kun oúnjẹ!

FERMÍN: Bàbá Teófilo... [ó wúkọ́] Omi náà dára.

[Ariwo ayọ̀. Ìró àwo.]

BASILIA: Ọkàn mi wá balẹ̀. Màmá, ó yá, ẹ jẹun.

[Ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ tó ń sáré.]

FERMÍN: Ẹ̀gbọ́n mi! Mo ti bọ́ síta. Ẹ gba àwo lọ́wọ́ Màmá! Májèlé ni! Irọ́ ni mo pa!

BASILIA: Kí lo wí? Ó ń já.

FERMÍN: Kí wọ́n má jẹ ẹ́! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BASILIA: N ò gbọ́. Ìwọ gbọ́ tìẹ: Màmá ní ó dùn. Wọ́n ń súre fún ọ pé ibi tó o dé yìí, o ò ní –

[Ìpè já.]