Àwọn Tó Ní Àwọn Ti Ka Ìwé Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jókòó, ẹ fi ara balẹ̀. Ẹ má tíì pariwo halelúyà fún mi, nítorí ohun tí mo rí kì í ṣe ohun ayọ̀, àwọn kan nínú yín sì wà níbẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ìwé ìtàn ni mo ń kọ. Gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà la ti kó èyí tó kẹ́yìn jáde. Olóyè kan ló ṣe olórí àwọn tó kó o jáde, ẹ jẹ ìrẹsì, ẹ pàtẹ́wọ́, kálukú sì fi ẹ̀dà tirẹ̀ há abíyá lọ sílé. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ ìsinmi tí ẹnì kan kì í dì mọ́ mi: “Òǹkọ̀wé wa, mo ka ìwé yín o, ó dùn gan-an ni!” Alàgbà tilẹ̀ ní ìparí rẹ̀ pa òun lẹ́kún. Mo ń dúpẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá ni mo ṣí ìwé náà láti wá gbólóhùn kan, ni mo bá rí i pé oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ti di orí keje mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, kò sì di orí ìkẹyìn mọ́ ọn rárá. Àṣàbí, obìnrin inú ìtàn náà, tí ọkọ rẹ̀ ti sá lọ, ń dáná lọ́wọ́, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, ìwé tán. Gbogbo ẹ̀dà ló rí bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó bi mí pé kí ló dé. Alàgbà, ìparí wo lẹ sunkún sí?

Ó dùn mí débi pé n kò lè kọ ohunkóhun mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ìlú. Ó ní kí n fi ìwé kíkọ sílẹ̀, kí n wá máa bá òun mójú tó àwọn òṣìṣẹ́, òun sì fẹ́ gbọ́ èsì mi ní ọ̀sán àná. Ni mo bá gbààwẹ̀ láàárọ̀ àná, mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Olúwa, bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà tó ka ìwé mi débi tó fi mọ̀ pé kò parí, fi onítọ̀hún hàn mí, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n ó máa kọ̀wé lọ. Bí kò bá sí, kí n yáa lọ mọ búlọ́ọ̀kù.” Mo ṣe àmín, mo gbé orí lé etí ibùsùn, ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò ń dún, oorun sì gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan tó dúró tì mí. Aṣọ funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà. Kò kí mi.

“Òǹkọ̀wé, dìde.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé mo ti kú ni?”

“Kò tíì yá. Tẹ̀lé mi.”

A dé ibi kan tí ilẹ̀ rẹ̀ gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń yan gààrí. Mo rí àwọn onílé tó ká òrùlé kúrò lórí ayálégbé, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ ní ìhòòhò, oòrùn ẹnì kọ̀ọ̀kan yọ lọ́tọ̀ lókè orí rẹ̀. Mo rí àwọn alágbèrè, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n ru ibùsùn onírin tó pọ́n yòò, wọ́n ń wá ilé tí wọn yóò gbé e wọ̀, wọ́n ń kan ilé yìí, wọ́n ń kan tọ̀hún, gbogbo ilẹ̀kùn ń tì mọ́ wọn lójú, ẹran orí wọn ń yọ́ sílẹ̀ bí òrí, wọ́n ń ké, wọ́n ń sáré, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Mo fọwọ́ bojú.

“Ṣí ojú,” ọkùnrin náà wí. “Ìwọ lo ní kí a fi hàn ọ́.”

Lẹ́yìn náà ni a wọ ọ̀dọ̀ àwọn òpùrọ́. Ẹ̀yin ará, gbọ̀ngàn wa ni. Gbọ̀ngàn wa gan-an, pẹ̀lú tábìlì gíga níwájú àti makirofóònù tó máa ń ké. Olóyè tó kó ìwé mi jáde, tí a sin lọ́dún tó kọjá, ló dúró nídìí rẹ̀.

“Sọ ìtàn inú ìwé náà fún wa,” ọkùnrin aláṣọ funfun wí.

Olóyè wú ikọ́. “Ìwé tó dára ni. Ó kún fún ẹ̀kọ́. Mo ń rọ gbogbo òbí...”

“Kí ni orúkọ obìnrin inú rẹ̀?”

Olóyè wò yí ká. Ó rí mi. Ó ní, “Òǹkọ̀wé, jọ̀ọ́, ràn mí lọ́wọ́.”

Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà. Wọ́n ya ojú ewé kan tó ń jó nínú ìwé mi, wọ́n tì í sí i lẹ́nu, ó jẹ ẹ́, wọ́n ya òmíràn, ó jẹ ẹ́, ètè rẹ̀ ń wú, ahọ́n rẹ̀ ń hó, wọ́n ń ya, ó ń jẹ, ó ń ké, wọ́n ń ya, títí wọ́n fi fún un ní orí keje lẹ́ẹ̀mejì, kò sì mọ̀ pé òun ti jẹ ẹ́ rí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Inú mi dùn. Kò yẹ kí onígbàgbọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn dé egungun. Mo tilẹ̀ bi ọkùnrin náà bóyá wọ́n lè fi èédú díẹ̀ kún iná náà. Ó ní ó tó bó ṣe wà.

Àga púpọ̀ ló ṣófo lẹ́yìn olóyè, wọ́n sì lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo kà wọ́n. N kò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Arábìnrin tó ń tún gèlè ṣe níbẹ̀ yẹn, mi ò tíì pè yín o. Alàgbà, ẹ rọra jókòó, iwájú pátápátá ni tiyín wà.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka orúkọ lọ, ayọ̀ mi ń dín kù, nítorí orúkọ gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló wà lára àga. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, “Sà, ẹni tó kà á dà?”

“Ọ̀kan wà.”

A gun òkè kan, atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí mi. Àwọn olódodo sùn lórí ẹní lábẹ́ igi, ara wọn ń dán, kò sí ẹni tó ń hanrun. Gbogbo wọn ló ń sinmi, àfi ìyá àgbàlagbà kan tó káwọ́ sẹ́yìn, tó ń rìn lọ, tó ń rìn bọ̀. Nígbà tí wọ́n yíjú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá ìyàwó mi ni, tí wọ́n kú lọ́dún tó kọjá. Màmá yìí kò fẹ́ràn mi láyé. Ojú gbogbo ẹbí ni wọ́n ti sọ pé kí ọmọ àwọn má fẹ́ ẹni tó ń fi irọ́ pípa jẹun.

Wọn kò dáhùn ìkíni mi. Wọ́n ní, “Bàbá Tóyìn, ta ló kan ilẹ̀kùn?”

Ẹkún gbọ̀n mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé, kò sí ẹni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

“Wọ́n ní kí n sinmi, n ò rí oorun sùn,” màmá wí. “Nígbà tí mo ka orí keje lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo ní bí ara mi bá yá, màá wá bá ọ nílé. Ara ò yá. Ta ni?”

Mo yíjú sí ọkùnrin náà. “Sà, ṣé ẹni tí Ọlọ́run fún mi nìyí?”

“Ẹnì kan lo béèrè. Ẹnì kan nìyí.”

“Ṣùgbọ́n wọ́n ti kú!”

“O ò sọ pé kó wà láàyè.”

Mo sọ ọ́ fún màmá. Mo ní ọkọ Àṣàbí ni. Ó padà dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, Àṣàbí dárí jì í, wọ́n jọ jẹun.

“Ọkọ rẹ̀ náà ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ìyẹn náà nìyẹn?” Wọ́n pòṣé. “Èyí tí mo fi ọkàn ara mi rò dára ju èyí lọ.”

Wọ́n tẹ́ ẹní wọn, wọ́n dùbúlẹ̀. Mo fi orúnkún wọ́ lọ bá wọn. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ rò pé ó kàn án? Mà! Ẹ sọ fún mi!” Oorun ti gbé wọn lọ. Mo fẹ́ jí wọn, ọkùnrin náà gbá ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní, “Jẹ́ kó sinmi.” Mo sì ta jí.

Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fọwọ́ bo fóònù. “Bàbá Tóyìn, bùrọ̀dá mi ni. Kí ni kí n sọ fún wọn?”

Mo ní, “Ìyá Tóyìn, màmá rẹ ka ìwé mi! Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kan ilẹ̀kùn!”

Ó ní, “Ilẹ̀kùn wo?”

Ẹ wò ó, ó jókòó sọ́wọ́ òsì yẹn. Òun ló máa ń sọ fún ẹgbẹ́ obìnrin pé òun ni òun ń kọ́kọ́ ka ohunkóhun tí mo bá kọ. Mo gba fóònù, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́, mi ò lè wá mọ búlọ́ọ̀kù mọ́. Ó bú mi dáadáa. Ìparí ìwé náà ni n ó tún kọ. N kò mọ ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn Àṣàbí báyìí, n kò sì mọ̀ bóyá alààyè kankan yóò kà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra. Kò sí iná fún ẹni tí kò ka ìwé mi. Mo wá a títí, n kò rí i. Ẹni tó ní òun ti kà á ni iná ń dúró dè. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bí a bá jáde ìsìn tí ẹ rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ òtítọ́ fún mi, tàbí kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. Ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ní títí dé ibi tí òun kà á dé, kò tíì dùn.