Ìyá Ọkọ Mi Ló Wà Níwájú Mọ́tò

Haba, Bùrọ̀dá Ọláníran! Oṣù mẹ́ta gbáko lẹ fi kọ́ mi ní mọ́tò wíwa ní pápá Naraguta, ẹ ní bí nǹkan bá já bọ́ síwájú mi, kí n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọin, kí n má tu ẹsẹ̀ títí mọ́tò yóò fi dúró. Mo há a sórí bí Àdúrà Olúwa! Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ fún mi pé èèyàn kì í kúnlẹ̀ nínú mọ́tò?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín! Lánàá ni, ní Tudun Wada, mo ń bọ̀ jẹ́jẹ́, àfi bí mo ṣe rí Màmá Akínjídé, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń sọdá títì. Ẹsẹ̀ mi ti wà lórí bíréèkì, Ọlọ́run gbọ́! Ni ojú wa bá ṣe mẹ́rin. "Ẹ kú ọ̀sán, Mà," ni mo wí, ni orúnkún mi bá tẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ìyá mi ará Èkìtì ṣe fi pàṣán kọ́ mi, ẹsẹ̀ yọ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó bọ́ sórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré. Kai! Mọ́tò fò! "Tsaya! Tsaya!" ni gbogbo àdúgbò ń pariwo, kí n dúró, ta ni yóò dúró? Mo ti fi ọwọ́ méjèèjì bojú! Àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún bẹ́ sínú gọ́tà. Òkìtì yanrìn ló bá mi dá mọ́tò dúró, kì í ṣe èmi.

Theresa, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ti gbé ìròyìn dé àdúgbò Anglo Jos pé mo fẹ́ pa ìyá wọn. Èmi! Ẹni tí ìkíni kó bá!

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń tì mí lójú o. Ṣé ẹ mọ ohun tí Màmá sọ fún ọkọ mi? "Ẹ̀bi mi ni, èmi ni mo já sójú títì láìwo ọ̀tún, láìwo òsì." Irọ́ ni, Bùrọ̀dá! Wọ́n wò, mo rí wọn. Orúnkún wọn bó yánnayànna, wọ́n jókòó, wọ́n ń parọ́ nítorí tèmi, èmi sì doríkodò bí olè.

Ó yá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká padà sí pápá, kí ẹ kọ́ mi ní dídúró, dídúró nìkan, títí ẹsẹ̀ mi yóò fi gbọ́ràn. Màmá ti ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ Sunday, èmi ni kí n wá fi mọ́tò gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú làwọn óò sì jókòó sí.