Iyọ̀ Tí Mo Dà Sí Ìdí Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ará mi lórí ojúewé yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò fi orúkọ mi síta. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún pásítọ̀. Bóyá mi ò bá tiẹ̀ má sọ ọ́ láéláé, àmọ́ nǹkan kan wà nínú fíríìjì mi báyìí tí kò ní lè dúró dè mí.

Ọdún tí àwọn ará Syria ń ya wọ Germany ni èmi náà dé Hamburg. Ẹni tó ní òun máa gbà mí sílé kò gbé fóònù mọ́. Bàbá kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gbà mí, Bàbá Ṣadé, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní èbúté títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú, Ṣadé ọmọ wọn sì ti kó lọ sí Berlin. Yàrá Ṣadé ní àdúgbò Veddel ni wọ́n fún mi, wọn ò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Kódà nígbà tí mo rí ilé tèmi ní àdúgbò Steilshoop, gbogbo Sátidé ni mo ṣì ń lọ bá wọn nínú ọgbà wọn.

Kleingarten ni wọ́n ń pè é níbí, ilẹ̀ kékeré tí àwọn tó ń gbé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì máa ń gbà láti fi dáko. Bàbá kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Mò ń lọ sóko" ni tiwọn, bíi pé wọ́n fẹ́ lọ kọ ebè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti igi náà, torí lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Bàbá ní igi Aprikose kan. Herr Petersen, bàbá òyìnbó tí ọgbà rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tiwọn, ní igi Pflaume. Àwọn èso méjèèjì dà bí ìyeyè ńlá, wọ́n ní kóró líle kan ṣoṣo nínú. Àwọn bàbá méjèèjì ní àwọn fẹ́ mọ ohun tí igi méjèèjì máa bí. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gba ìyẹ̀fun inú òdòdó Pflaume, wọ́n fi kan òdòdó Aprikose, wọ́n sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó kí oyin má baà dá sí i. Nígbà tó so, wọ́n kó kóró rẹ̀ sínú iyanrìn tútù nínú fíríìjì títí òtútù fi lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló hù nínú wọn.

Bàbá sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì ìyàwó wọn. Kò sí ìkejì rẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tí mo dé, ó ti ga ju Bàbá lọ. Ó máa ń tanná dáadáa, àmọ́ kì í so.

Herr Petersen ní kí wọ́n ní sùúrù, ó ní irú igi bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́. Bàbá á ní kò burú. Ṣùgbọ́n tí a bá ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, I'm not getting younger o. Ṣé màá tọ́ ọ wò báyìí?" Ó máa ń dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, Àgbádárìgì ni wọ́n ti bí mi. Lọ́dọ̀ wa, bí igi àgbọn bá kọ̀ tí kò so, iyọ̀ la máa ń dà sí ìdí rẹ̀. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ń ṣe é, èmi ni mo máa ń gbé abọ́ iyọ̀ tẹ̀ lé wọn, àgbọn wa sì máa ń so. Èmi rò pé igi ni igi. Kò wá sí mi lọ́kàn láti bi ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu, kí Bàbá kàn dé ọjọ́ kan kí wọ́n bá èso lórí rẹ̀.

Bàbá lọ kí Ṣadé ní Berlin, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọgbà sọ́dọ̀ mi kí n máa bomi rin nǹkan. Mo ra iyọ̀ oníhóró ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Mo tu ilẹ̀ ìdí Àbẹ̀kẹ́ yíká, mo dà á sí i, mo bomi rin ín. Nígbà tí mi ò rí ìyàtọ̀, mo tún dà á, ó tiẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orin ni mò ń kọ bí mo ṣe ń dà á.

Etí ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó bíi pé iná kàn án. Kó tó di pé èso àwọn igi yòókù pọ́n, Àbẹ̀kẹ́ ti ń wọ́wé. Nígbà tí òtútù tún lọ, tí gbogbo ọgbà ń tanná, òun dúró gbẹ bí igi ìdáná. Bàbá bu lára ilẹ̀ náà lọ fún àwọn tó máa ń yẹ ilẹ̀ wò. Wọ́n ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí Bàbá sọ ọ́ fún mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mo ṣe. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ní oòrùn ló mú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ pé àwọn kan níbí máa ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà yìnyín kí wọ́n má baà yọ̀ ṣubú. Nínú ọgbà tiwa, wọn ò gbà kéèyàn ṣe é nítorí àwọn igi. Ẹsẹ̀ kan ń yọ Herr Petersen lẹ́nu, ó ti ṣubú rí, nítorí náà ó máa ń fọ́n díẹ̀ sí ẹnu géètì rẹ̀. Ààbọ̀ àpò iyọ̀ náà ṣì wà nínú ahéré ọgbà rẹ̀. Bàbá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń wà níbí, ṣé o rí i tó ń da iyọ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo rí i."

Irọ́ kọ́, ìyẹn ló sì burú jù níbẹ̀. Mo rí i lóòótọ́, ẹ̀kúnwọ́ kan, lẹ́nu géètì rẹ̀, níbi tó jìnnà sí Àbẹ̀kẹ́. Mo sọ ohun tí mo rí, mo gbé ohun tí mo ṣe mì.

Bàbá pè é ní apànìyàn níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́gbà. Herr Petersen kàn ní òun kọ́, ó sì jókòó. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń kọjá, àwọn tó ń kí i tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo òdòdó wọn. Kí ewé tó rẹ̀ lọ́dún náà, ó ti dá ọgbà rẹ̀ padà, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Berlin. Àwọn tó gba ibẹ̀ gé Pflaume rẹ̀, wọ́n gbé ohun tí àwọn ọmọdé máa ń fò sókè lórí rẹ̀ síbẹ̀. Ìkòkò kọfí kan làwọn bàbá méjèèjì jọ máa ń mu tẹ́lẹ̀.

Èmi ń bá ayé mi lọ. Mo lọ́kọ, Bàbá ni wọ́n fà mí lé ọkọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi mí ṣe olùkọ́ àwọn ọmọdé, mo sì ń kọ́ wọn pé irọ́ kò dára. Mo ń sè, mò ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Kò sí béèyàn ṣe lè sá fún iyọ̀ nínú ilé.

Ní ìgbà ooru yìí, obìnrin kan gbé agbọ̀n kékeré wá sínú ọgbà. Ọmọ Herr Petersen ni. Ó ní bàbá òun ló fi ránṣẹ́, pé kò lágbára mọ́. Èso wà nínú agbọ̀n náà, awọ rẹ̀ pupa dúdú bíi ti Pflaume, ó sì ní irun wúruwùru bíi ti Aprikose. Ó ní lọ́dún tí ewé Àbẹ̀kẹ́ ń jó, bàbá òun gé ẹ̀ka kan lára rẹ̀, ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó gé lára igi Pflaume tó wà nínú ọgbà òun ní Berlin, kó lè máa hù níbẹ̀ kí igi náà má baà run. Kò sọ fún Bàbá torí ó fẹ́ kó so ná, kó wá yà wọ́n lẹ́nu.

Bàbá wo àwọn èso náà pẹ́. Wọ́n ti agbọ̀n náà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "So he killed my tree, ó tún jí i gbé. Gbé e kúrò níwájú mi. Nimm das weg."

Obìnrin náà ń sunkún lọ. Èso kan ti bọ́ sílẹ̀, Bàbá ní kí n sọ ọ́ nù. Mo mú un lọ sẹ́yìn ahéré, mo jẹ ẹ́. Ó dùn, ó wá kan díẹ̀ nígbà tó ku kóró. Bàbá ló yẹ kí wọ́n tọ́ ọ wò, èmi tí mo pa igi náà ni mo ń lá ọwọ́.

Sátidé tó kọjá, mo parọ́ fún ọkọ mi pé mò ń lọ kí Ṣadé ní Gesundbrunnen ní Berlin. Ọgbà ọmọ Herr Petersen kò jìnnà síbẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì láti Hamburg, mo ń fi German ka ẹ̀bẹ̀ mi bí ọmọ tó fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì níwájú ìjọ. Mo bá Herr Petersen lórí àga nínú oòrùn, aṣọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí n tó lanu, ó fi ọ̀pá nàka sí igi rẹ̀. Ẹ̀ka kan yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ó so páànù pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, ó kọ Abeke sí i.

"Der gehört nicht mir," ló wí. "Der gehört ihm." Pé kì í ṣe tòun, pé ti Bàbá ni.

Ó wá bi mí bóyá orúnkún Bàbá ṣì ń dùn wọ́n. Gbogbo German tí mo kó wá ló fò lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì ń dùn wọ́n.

Ọmọ rẹ̀ gé ẹ̀ka díẹ̀ lára Àbẹ̀kẹ́, ó já ewé wọn, ó fi ìwé ìròyìn tútù wé wọn. Herr Petersen ní ìgbà yìí gan-an ló dára jù láti lẹ̀ ẹ́, pé ara Aprikose Bàbá máa gbà á, àmọ́ kó má pẹ́. Ó ní tó bá jẹ́ pé orúkọ òun ni kò ní jẹ́ kí wọ́n gbà á, kí n má dárúkọ òun.

Ohun tó wà nínú fíríìjì mi nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Ọkọ mi béèrè, mo ní àgbo ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá parọ́ ibi tí mo ti rí i, Bàbá á lẹ̀ ẹ́, Àbẹ̀kẹ́ á yè, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an ló yọ̀ǹda irọ́ náà fún mi. Àmọ́ ó máa kú pẹ̀lú orúkọ apànìyàn lọ́rùn. Bí mo bá sọ òótọ́, Bàbá lè sọ èmi àti ẹ̀ka náà síta. Mi ò ní bàbá míì ní ìlú yìí.

Ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì sọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáà ní kí n dúró dìgbà tí inú Bàbá bá rọ̀. Mo tú ìwé ìròyìn náà wò láàárọ̀ yìí, ojú ibi tí wọ́n ti gé e ti ń dúdú.